Ọjọ́ Tí Wọ́n Dá Èmi àti Dádì Àmínà Dúró ní Dover

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí a ń gbé ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọdé kì í mọ orúkọ àgbàlagbà. Kì í ṣe pé wọ́n fi í pamọ́ fún wa, a kàn kì í bèèrè ni. Ẹni tó bá bí Kàbírù, Dádì Kàbírù ni. Ìyàwó wọn, Mọ́mì Kàbírù. Ọkùnrin tó ń gbé abẹ́ ilé wa, tí àwọn ọmọ wọn wà ní Abẹ́òkúta, Dádì Ìsàlẹ̀ ni à ń pè wọ́n. Ààfáà tó ń kọ́ wa ní kéwú ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, Dádì Ààfáà ni. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, tí àwọn òbí yín tọ́ yín dàgbà nínú ilé kánsù tí ìjọba ń fi háyà ní apá ibí yìí, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Ọmọ tó bá la ẹnu pe àgbàlagbà lórúkọ, ìfọ́tí ni yóò fi ṣe oúnjẹ alẹ́.

Ilé wa wà ní òkè pátápátá nínú ẹ̀sítéètì kan tí kò jìnnà sí Rye Lane. Ní àárọ̀ Sátidé, kí n tó lọ sí ilé-kéwú, èmi ni mo máa ń bó ẹ̀wà tí Mọ́mì ti rẹ sínú omi. Ìka mi á hunjọ bí ti arúgbó, èèpo ẹ̀wà á sì lẹ̀ mọ́ mi títí dé ìgúnpá. Tí mo bá ti ilé-kéwú dé, a ó fa kẹ̀kẹ́ ìrajà wa lọ sí Rye Lane. Imú nìkan ni mo fi ń mọ ibi tí a dé: ẹja tútù lórí yìnyín, lẹ́yìn náà ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù, lẹ́yìn náà ìpara irun láti ọ̀dọ̀ àwọn onídìrí. Mọ́mì á ná ọjà títí ojú á fi tì mí. Ìyà tí wọ́n fi ń jẹ wá kò fi bẹ́ẹ̀ le. Dádì Ààfáà á ní kí a dúró lórí ẹsẹ̀ kan, kí a máa ka súrà tí a kò mọ̀. Mọ́mì ní tiwọn á ní kí n kúnlẹ̀ kọjú sí ògiri ilé ìdáná, wọn á sì gbàgbé mi síbẹ̀ títí ọbẹ̀ á fi jinná.

Àmínà ni ọ̀rẹ́ mi. Ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ni ilé wọn wà. Kétu ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn Yorùbá ti ń sọ Faransé bí àwa ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá inú ilé wọn ní ohùn tirẹ̀. Tí a bá ń jà, mo máa ń sín ohùn rẹ̀ jẹ. Òun náà á sín tèmi jẹ, á ní Yorùbá mi dà bíi ti ẹni tó ki ọ̀dùnkún gbígbóná bọ ẹnu. A jọ ń fo okùn nísàlẹ̀ ilé, a jọ ń ṣe ten-ten títí àtẹ́lẹsẹ̀ wa á fi máa ta wá. Ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ kan wà tí kì í jáde. Àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá a fínra láti kékeré. Tó bá ti dé sí i, mo máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà wọn, màá máa gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, tí òun náà ń mí bí ẹni tó sáré. Kì í ké. Ìyẹn ló máa ń bà mí lẹ́rù jù.

Ọdún tí a fẹ́ kúrò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kó lọ sí Lille, ìlú kan ní àríwá ilẹ̀ Faransé, níbi tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ti ṣí ìsọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ wa. Dádì Àmínà ló ń wa ọkọ̀ fún wọn. Wọ́n á wá sí Lọ́ńdọ̀nù wá ra iṣu, gàrí àti ẹja gbígbẹ ní Rye Lane, wọ́n á sì kó o padà sí Lille. Bí wọ́n bá ti dé báyìí, wọ́n á gba ilé wa kọjá, wọ́n á mu omi, wọ́n á sọ fún mi pé, "Ọ̀rẹ́ rẹ ń kí ọ," wọ́n á sì máa lọ. Èmi àti Àmínà máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Mọ́mì á sì dúró tì mí, wọ́n á máa ṣẹ́jú sí mi pé ó tó.

Nígbà tó ṣe, ìròyìn dé pé ẹsẹ̀ Àmínà kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Àwọn dókítà fẹ́ ṣí ibẹ̀ kí wọ́n tún un ṣe. Mo gbọ́ tí Mọ́mì ń sọ fún ẹnìkan lórí fóònù, ní ohùn ìsàlẹ̀, pé ẹni tó bá ní irú ẹ̀jẹ̀ yẹn, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni oorun iṣẹ́ abẹ máa ń bá a lára mu, pé àwọn mìíràn kì í jí. Mo ti mọ̀ pé ó yẹ kí n máa ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ń bó ẹ̀wà lọ.

Ọ̀sẹ̀ ìsinmi ilé-ìwé ni Dádì Àmínà wá. Lọ́jọ́ yẹn, wọn kò mu omi. Wọ́n jókòó sí etí àga, wọ́n di fìlà wọn mú lọ́wọ́.

"Ọ̀túnla ni wọ́n fẹ́ ṣe é," ni wọ́n sọ fún Mọ́mì. "Ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé òun wọ yàrá iṣẹ́ abẹ bí òun ò bá rí Kúdí yìí. Dókítà bá a sọ̀rọ̀, ìyá rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mú un lọ. Ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá dá a padà fún yín."

Dádì mi ti lọ sí Ìbàdàn lọ sin ìyá wọn, fóònù wọn kò sì lọ láti òwúrọ̀. Mọ́mì dìde, wọ́n wọ ilé ìdáná, wọ́n pa iná abẹ́ ìkòkò. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní kí n lọ kó aṣọ mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n fi mọ́ínmọ́ín sínú ike, wọ́n wé e pẹ̀lú tówẹ̀lì kí ó má baà tutù. Wọ́n tẹ̀ síwájú mi, wọ́n bọ́tìnnì kóòtù mi bí ẹni pé n kò lè ṣe é fúnra mi. "Ohunkóhun tí wọ́n bá bi ọ́ lọ́nà," ni wọ́n wí, "òótọ́ ni kó o sọ." Wọ́n wá yíjú sí Dádì Àmínà. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀." Wọ́n yára lọ síbi iṣẹ́ wọn ní New Cross, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni fóònù yín á wà títí di àsìkò ìsinmi.

N kò tíì jáde kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń sọ̀rọ̀ nípa Faransé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìta ilé wọn, èmi Dover pàápàá, etí òkun tí wọ́n ti ń wọkọ̀ lọ síbẹ̀, n kò tíì dé ibẹ̀. Iṣu kún ẹ̀yìn ọkọ̀. Òórùn ẹja gbígbẹ wọ inú irun mi. Dádì Àmínà fi kásẹ́ẹ̀tì Àlùkùránì sí i, wọ́n sì ń bá a kà á díẹ̀díẹ̀, ojú wọn kò kúrò lójú títì. Mo rí i pé wọn kò sùn. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń wo aago. Wọ́n ti sọ fún mi pé bí a bá bá ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ lówùúrọ̀, a ó dé Lille kí wọ́n tó ní kí àlejò máa lọ ní ọsibítù. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ni wọn yóò gbé e wọlé.

Òkun ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà òkè funfun bí ẹfun. Mo lẹ ojú mọ́ fèrèsé. Inú mi dùn dé ibi tí mo fi gbàgbé ohun tó gbé wa wá.

Ní ibodè Dover níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ló ń wo ìwé ìrìnnà kí ènìyàn tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n pupa gba ìwé wa. Ó wo tiwọn, ó wo tèmi, ó tún wo tiwọn. Ó bẹ ojú wo inú ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi, ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí pé ta ni ọkùnrin yìí.

"Dádì ni," ni mo wí.

Ó kọjú sí Dádì Àmínà. "Ọmọ yín ni?"

"Rárá o," ni àwọn náà dá a lóhùn. "Ọ̀rẹ́ ọmọ mi ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Kò pariwo, kò kanra mọ́ wa. Ó kàn ní kí a gbé ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì pe ẹnìkejì rẹ̀. Obìnrin kan tó wọ aṣọ ọlọ́pàá dé, ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ mi, ó ní kí n bá òun kálọ. Mo wo Dádì Àmínà. Wọ́n mi orí sí mi pé kí n lọ.

Yàrá tí wọ́n mú mi lọ kéré, àwọ̀ ògiri rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ àná. Obìnrin náà fún mi ní bisikíìtì àti wàrà nínú ife. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó bi mí lórúkọ, mo sọ ọ́. Ó bi mí pé kí ni orúkọ bàbá mi, mo sọ ọ́, torí ó wà nínú ìwé ìrìnnà mi.

"Níbo ni wọ́n wà?"

"Wọ́n wà ní Ìbàdàn."

"Ṣùgbọ́n o sọ pé ọkùnrin tó wà níta ni Dádì rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Dádì náà ni wọ́n."

Ó rọra gbé bírò sílẹ̀. "Kúdírá, Dádì mélòó lo ní?"

Mọ́mì ti ní kí n sọ òótọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka kà wọ́n fún un. Dádì mi. Dádì Àgbà, ẹ̀gbọ́n Dádì mi. Dádì Kàbírù. Dádì Ìsàlẹ̀. Dádì Ààfáà. Bí mo ṣe ń kà á lọ ni ojú obìnrin náà ń yí padà, mo sì rò pé bóyá àwọn tí mo dárúkọ kò tíì tó ni, mo bá fi Dádì Ẹlẹ́ran ní Rye Lane kún un.

"Ó dáa," ni ó wí. "Èyí tó wà níta yìí, kí ni orúkọ wọn?"

"Dádì Àmínà."

"Ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Orúkọ wọn gan-an?"

Mo wá a nínú orí mi, n kò rí i. Ọkùnrin tí mo ti jẹun nílé wọn láti ìgbà tí mo ti lè fi ọwọ́ mi jẹun, tí wọ́n ti gbé mi lọ sí ilé-ìwé nígbà tí òjò ń rọ̀, n kò mọ orúkọ wọn. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dìde, ó jáde, ó sì ti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé nǹkan tí mo sọ ti ba nǹkan jẹ́, n kò sì mọ èwo nínú wọn ni.

Wọ́n pe fóònù Mọ́mì, kò sí ẹni tó gbé e. Wọ́n tún pè é. Wọ́n bèèrè lọ́wọ́ Dádì Àmínà bóyá ìwé àṣẹ wà láti ọ̀dọ̀ òbí mi, wọn kò ní. Mọ́mì kò mọ̀ pé a máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi mí lé aládùúgbò wọn lọ́wọ́, ó tán lójú tiwọn. Láti ojú fèrèsé yàrá yẹn, mo ń wo ọkọ̀ ojú omi funfun tó yẹ kí a wọ̀. Mo ń wò ó títí ó fi kúrò ní èbúté. Mo tún rí Dádì Àmínà. Wọ́n mú wọn kọjá nínú ọgbà, ọlọ́pàá kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Wọn kò de ọwọ́ wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ń rìn bí ẹni tí a de lọ́wọ́. Àwọn mìíràn ń tú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń kó iṣu sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. N kò sunkún nítorí ara mi. Mo ń rò ó pé bí wọ́n bá ti Dádì Àmínà mọ́lé, ta ni yóò lọ sọ fún Àmínà? Yóò rò pé mo kọ̀ láti wá ni. Bí wọ́n bá gbé e wọlé láàárọ̀ ọ̀la tí kò sì jí, ohun tí yóò mú lọ nìyẹn, pé Kúdí kò wá.

Àsìkò ìsinmi Mọ́mì kò tètè dé. Nígbà tó dé, wọ́n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n rí i pé ẹnìkan ti ń pè wọ́n léraléra láti nọ́ńbà tí wọn kò mọ̀, wọ́n sì pe ibẹ̀ padà. Obìnrin náà ló wọlé pẹ̀lú fóònù, ó gbé e sí orí tábìlì kí àwa méjèèjì lè gbọ́. Ohùn Mọ́mì kún yàrá.

"Kúdí, ṣé o ti jẹun?"

Mo ní mo ti jẹ bisikíìtì.

"Mọ́ínmọ́ín ńkọ́?"

Mo ní ó wà nínú ọkọ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n wá yí sí Gẹ̀ẹ́sì. N kò gbọ́ kí Mọ́mì sọ Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ rí, kedere, wọn kò sì fi ọ̀rọ̀ kankan falẹ̀. Wọ́n sọ orúkọ Dádì Àmínà ní kíkún. Wọ́n sọ orúkọ ìyàwó wọn, ilé tí a jọ gbé ní Peckham, àrùn tó ń ṣe Àmínà, orúkọ ọsibítù tó wà. Wọ́n ní, "Èmi ni mo fi ọmọ mi lé wọn lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ pe ọsibítù. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ yára, torí ọmọ yẹn ń dúró." Obìnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó jáde lọ pe Lille. Nígbà tó padà wọlé, ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ rẹ ń bèèrè ẹ."

Àwọn kan náà tí wọ́n tú iṣu wa ló bá wa kó o padà. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa bẹ Dádì Àmínà pé kí wọ́n má bínú, pé iṣẹ́ àwọn ni. Wọ́n dá a lóhùn pé, "Bí ẹlòmíràn bá mú ọmọ mi dání, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi òun náà bẹ́ẹ̀."

Ọkọ̀ ojú omi tí a wọ̀ ni ti ọ̀sán. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, ènìyàn ń bì káàkiri, òórùn epo rọ̀bì àti ọ̀dùnkún díndín pọ̀ mọ́ra wọn. A jókòó. Dádì Àmínà ń wo òkun, mo sì gbà pé wọ́n ń bínú sí mi. Mo ń kan ìka ara mi mọ́ra. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ṣí ike, wọ́n gé mọ́ínmọ́ín sí méjì, wọ́n fún mi ní èyí tó tóbi jù.

"Má sunkún mọ́," ni wọ́n wí. "Òótọ́ lo sọ. Àwọn ni ò gbọ́ ọ yé."

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n tún ní, "Múfútáù ni orúkọ mi. Kó o mọ̀ ọ́n nítorí ọlọ́pàá o. Má fi pè mí." Èyí pa mí lẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà lójú mi.

A dé Lille, àsìkò àlejò ti kọjá. Ìyá Àmínà dúró dè wá ní ẹnu ọ̀nà ọsibítù pẹ̀lú ìbòrí tó ti yẹ̀ lórí wọn. Wọ́n bẹ nọ́ọ̀sì, Dádì Àmínà bẹ̀ ẹ́, èmi náà fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ó ní Àmínà ti sùn, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára, kò gbọ́dọ̀ jí. Ó ní kí a padà wá láàárọ̀, bóyá a ó bá a kí wọ́n tó gbé e. Ó sọ "bóyá" yẹn ní Faransé, ṣùgbọ́n ojú ìyá Àmínà ni mo ti gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí a fi padà síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn, ó ń rùn bí oògùn àti kọfí. Bí a ṣe yà sí i, mo rí bẹ́ẹ̀dì kan tí àwọn ọkùnrin méjì ń tì lọ, orí kékeré kan tí wọ́n bo irun rẹ̀ sì wà lórí rẹ̀. Mo sáré. Ẹnìkan kígbe sí mi ní Faransé, n kò dúró. Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú.

Àmínà yí ojú sí mi. Ó ti rù, ojú rẹ̀ tóbi ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ.

"O pẹ́," ni ó wí.

Gbogbo ohun tí mo ti kó sẹ́nu láti Peckham, wọ́n pòórá. Mo ní, "Wọ́n dá wa dúró." Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun. Èmi náà ní ẹ̀rù ń ba èmi. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé kí ẹ̀rù má bà wá. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin tó ń tì í wo aago ara ògiri, ó wo ẹnìkejì rẹ̀, wọ́n sì dúró díẹ̀ sí i. Mo fi ọwọ́ mi sínú tirẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ó ní, "O dé ṣá." Lẹ́yìn náà ni wọ́n tì í wọlé, ilẹ̀kùn sì padé.

Ìjókòó tí a jókòó lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe ohun tí mo lè rò tán. Ìyá Àmínà kò jókòó rárá. Dádì Àmínà ń fa tẹ̀súbáà, tí wọ́n bá kà á tán wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà kan, nọ́ọ̀sì kan sáré jáde, ó sáré padà pẹ̀lú àpò ẹ̀jẹ̀ méjì, kò wo ojú wa. Ìyá Àmínà fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n rọra ń yọ́ sílẹ̀. Mo dìde, mo dì wọ́n mú. Mo kéré, n kò lè gbé wọn ró, a jọ jókòó sílẹ̀ náà ni. Wọ́n gbé orí mi lé itan wọn. Mo ń gbọ́ bí ọkàn wọn ṣe ń lù.

Dókítà jáde nígbà tí ọ̀sán ti pọ́n. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, irun rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí pẹ̀lú òógùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Faransé, n kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ìyá Àmínà ni mò ń wò. Mo rí i tí wọ́n ki ọwọ́ bọ ẹnu. Lẹ́yìn náà, Dádì Àmínà forí kanlẹ̀ lórí ilẹ̀ ọsibítù níbẹ̀, níwájú dókítà àti gbogbo àwọn tó ń kọjá, wọ́n sì ń sọ pé, "Alihamudu lilahi, alihamudu lilahi." Ìyá Àmínà yí sí mi, wọ́n ní, "Ó ti jí. Ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ dà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti jí."

Mo lo ọ̀sẹ̀ ìsinmi mi ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àmínà. Ilẹ̀ Faransé tí mo mọ̀ nígbà náà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù ni, àti búrẹ́dì gígùn tí ìyá Àmínà ń fi ẹja ata há, àti yógọ́ọ̀tì tí Àmínà ń kọ̀, tí èmi sì ń bá a lá. Nígbà tí mo padà dé ilé-ìwé, tí olùkọ́ wa bi wá ní ibi tí a lọ, mo ní mo lọ sí Faransé. Wọ́n bi mí bóyá mo rí ilé gogoro tí gbogbo ayé ń lọ wò. Mo ní rárá, mo rí ọ̀rẹ́ mi.

Ayé ti yí padà. Lónìí, ẹni tó bá jẹun àárọ̀ ní Peckham lè jẹun ọ̀sán ní Lille, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ òkun, tí agbára wa kò ká nígbà yẹn, á ti gbé e kọjá kí oorun tó kúrò lójú ẹni. Èmi àti Àmínà ń rí ojú ara wa lórí fóònù nígbà tí a bá ń dáná. Ó ń rìn, ó ń tiro díẹ̀ nígbà òtútù, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Àìsàn náà kò lọ, ó ṣì máa ń dá a dùbúlẹ̀. Àwọn òbí òde òní kì í fi ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, bóyá ó sì dára bẹ́ẹ̀. Fóònù wà nínú àpò ọmọ, ìyá sì lè jókòó sórí àga kó máa wo ibi tí ọmọ rẹ̀ dé. Síbẹ̀, n kò rí i kí ẹ̀rù kankan dínkù nínú èyí tó ń bà wá.

Láìpẹ́ yìí ni Àmínà ní kí n jẹ́ kí Háwá, ọmọ mi obìnrin, wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ àwọn. Háwá kò tíì sùn sílé ẹlòmíràn rí. Mo lọ bá Mọ́mì nílé wọn, wọ́n ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́, wọ́n ń gé ilá lórí tábìlì. Mo bi wọ́n pé báwo ni ọkàn wọn ṣe balẹ̀ tó nígbà yẹn tí wọ́n fi jẹ́ kí n lọ.

Wọn kò gbójú sókè kúrò lára ilá.

"Ta ló sọ fún ọ pé ọkàn mi balẹ̀?" ni wọ́n wí. "Ọmọ ọlọ́mọ ló dùbúlẹ̀ tó ń pè ọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sì jẹ́ kó o lọ."

Mo délé, mo fi èsì ránṣẹ́ sí Àmínà pé Háwá ń bọ̀. Láti ọjọ́ náà, n kò tíì sun oorun àsùnwọra.